Wàrà Bàbá Haris Kò Kan

Ìyá mi, ẹ kú ilé o. Mo dọ̀bálẹ̀ kí yín láti ìlú òyìnbó níbí. Ẹ kú ìdí aró, ẹ sì bá mi kí gbogbo ará Kẹ́mta. Inú ìwé ìròyìn ni mo ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí sí. Ẹ̀gbọ́n mi Ṣíjúadé yóò kà á sí yín létí, àwọn tí ọmọ tiwọn náà wà lókè òkun yóò sì gbọ́.

Òtútù ibí kò ṣe é ròyìn. Ilé iṣẹ́ wàràkàṣì ni mo ti rí iṣẹ́. Wàrà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kan kí ó tó di wàràkàṣì. Ṣùgbọ́n àwọn àgbẹ̀ ti ń gún màlúù tí ọmú rẹ̀ bá wú ní abẹ́rẹ́ pẹnisílíìnì, oògùn náà a sì máa bá wàrà jáde. Irú wàrà bẹ́ẹ̀ kì í kan. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó ti ba odindi àgbá jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ni wọ́n bá ní kí n máa bu díẹ̀ nínú ti àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan sínú ìgò, kí n kán wàrà kíkan sí i, kí n gbé e sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́. Èyí tí kò bá kan títí di ọ̀sán, oògùn wà níbẹ̀.

Ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Bàbá Haris ni mo ń gbé. Nígbà tí ilé mẹ́ta tilẹ̀kùn mọ́ mi nítorí àwọ̀ mi, òun àti ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n gbà mí. Màlúù mẹ́rin péré ni wọ́n ní. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmú èyí tí ó ń fún wọn ní wàrà jù wú. Dókítà ẹran gún un lábẹ́rẹ́, ó sì kìlọ̀ pé kí wọ́n má ta wàrà rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Ṣùgbọ́n wàrà àwọn yòókù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán. Bàbá dà á mọ́ tiwọn, ó gbé e wá sí ilé iṣẹ́ wa.

Ìgò rẹ̀ kò kan. Mo fọ ìgò mìíràn, mo tún un ṣe, kò kan. Bàbá dúró tì mí, ó rọra bi mí bóyá omi náà ni kò lọ́ tó. Mo ní inú omi kan náà ni ti àwọn yòókù ti kan. Ọ̀gá wa dé, ó bi mí ohun tí mo rí. Ìyá mi, ẹnu mi wúwo, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́. Wọ́n da wàrà náà sí gọ́tà, ọ̀gá sì ní àwọn kò gba ti Bàbá mọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní bí mo bá fẹ́ bá Bàbá lọ, ọ̀nà wà nílẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìyàwó Bàbá bu oúnjẹ fún mi bí ìṣe rẹ̀. Bàbá ní ẹ̀bi mi kọ́. Ìbá sàn kí ó bú mi.

Bàbá kò rí ibi ta wàrà sí mọ́, lánàá ni oníṣòwò màlúù tó rà wọ́n wá kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èyí tí ó ṣàìsàn kọ̀, kò gun ọkọ̀. Bàbá wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n bá òun fà á, pé màlúù náà mọ̀ mí, apá òun kò sì ká a. Mo di okùn mú. Ó tẹ̀ lé mi wọnú ọkọ̀, kò jà rárá.

Ẹ má gbàgbé mi nínú àdúrà. Olúwa yóò dá yín sí, yóò jẹ́ kí a fojú kan ara wa ní ayọ̀. Ẹ kí àwọn aláró ẹgbẹ́ yín, ẹ kí Ìyá Àgbà, ẹ kí tọmọdé tàgbà ilé.

Èmi ni ọmọ yín,
Akínwándé