Poro Kẹjọ

Bàbá mi ọ̀wọ́n, ẹnìkejì mi nídìí ìjà ẹ̀ṣẹ́,

Ara mi ò balẹ̀. Láti ọjọ́ Jímọ̀ ni mo ti ń rìn kiri inú ilé ọkọ mi ní Oko-Akarè bí adìyẹ tó ń wá ibi tó máa yé sí. Mo gbé ọbẹ̀ kaná, mo gbàgbé iyọ̀. Àwọn ọmọ bi mí ní ohun kan, ohun mìíràn ni mo fi dá wọn lóhùn. Ẹ̀yin nìkan ni mo lè rò ó fún, ẹ̀yin náà lẹ sì dá a sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ròyìn ìjà fún yín, torí mo mọ̀ pé òun lẹ máa kọ́kọ́ béèrè. Ọlọ́wọ́ Òsì ṣì wà lókè. Gíga ti ń dàgbà, àmọ́ ẹnu rẹ̀ ò tíì dàgbà. Arẹwà ṣubú, ó dìde, ó tún ṣubú. Ọmọ tuntun kan wá jáde láàárín àwọn tó wúwo jù wọ̀nyẹn, ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá pàdé rẹ̀ kì í pẹ́ kó tó dùbúlẹ̀. Àwọn onízẹ́mì tó ń fi alùpùpù gbé èrò lẹ́bàá ọjà Adja-Ouèrè ti pín sí méjì lórí rẹ̀. Àwọn kan ní òun ni kí wọ́n fi ṣe ìkíní báyìí, torí kò sẹ́ni tó tíì gba ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ dúró. Àwọn kejì ń béèrè pé ta ló ti bá jà gan-an. Mo fẹ́ dá sí i, wọ́n ní kí ìyàwó máa bá ata rẹ̀ lọ. Inú bí mi! Ká ní ẹ wà níbẹ̀ ni. Ẹ̀yin ò ka bẹ́líìtì sí nǹkan kan. Ẹni tí èèyàn bá jà lẹ máa ń kà, ẹ ó sì wo ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà tó bá ti rẹ̀ ẹ́. Ibo lẹ máa fi ọmọ yìí sí? Orúkọ wo lẹ máa sọ ọ́?

Mo máa ń rẹ́rìn-ín tí mo bá rántí àwọn orúkọ yẹn. Ẹ ní orúkọ òyìnbó wọn ò gba ẹnu yín, ẹ ò sì ní bu ahọ́n yín jẹ nítorí wọn. Èyí tó ń fi òsì jà di Ọlọ́wọ́ Òsì. Èyí tí orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà di Gíga. Èyí tí iṣan ara rẹ̀ ń dán bí ẹni pé wọ́n fi epo pa á di Arẹwà. Abala ìjà kọ̀ọ̀kan, poro lẹ máa ń pè é. Ẹ ní iṣẹ́ ẹni tó ń jà àti ti ẹni tó ń kọ ebè ò yàtọ̀: wọ́n á dé òpin poro kan, wọ́n á na ẹ̀yìn, wọ́n á tún bọ́ sínú òmíràn. Èmi nìkan ló gbọ́ èdè yìí. Ẹ̀gbọ́n mi Sàlíù ò lè wo ẹ̀jẹ̀. Oorun ni Wàídì àbúrò mi máa ń sùn ní tirẹ̀. Èmi ni mo máa ń ra mẹ́gà tí a fi ń wo ìjà sórí fóònù, tí a ó gbé e ti ìkòkò omi, tí ẹ ó máa fi èjìká gbá mi bí ẹni pé èmi lẹ̀ ń bá jà. Èjìká yín le, Bàbá. Mo máa ń fọwọ́ kan ibẹ̀ lápá mi nígbà mìíràn.

Mi ò sí níbẹ̀ ní ọ̀sán tí ẹ lọ. Bàbá Kékeré, àbúrò yín, ló jókòó tì yín. Lẹ́yìn tí a sin yín tán, wọ́n pè wá jọ, wọ́n ní ẹ ti to ilé kí ẹ tó dákẹ́. Wàídì ni kó máa ṣe olórí oko Tatonnonkon, kí Sàlíù tẹ̀lé e, èmi ni ìkẹta. Wọ́n wá wojú mi, wọ́n ní ẹ pè mí ní Arẹwà.

Mi ò ronú kan ẹ̀ṣẹ́ rárá. Ta ló ń ronú kan ẹ̀ṣẹ́ nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bo bàbá rẹ̀ mọ́lẹ̀? Ohun tí mo gbọ́ kò ju pé bàbá mi, tó máa ń fi iwájú orí mi ṣe yẹ̀yẹ́ láti kékeré, pè mí ní arẹwà kó tó kú. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà délé. Mo fi ń sùn, mo fi ń jí. Tí ọkọ mi bá ń bínú sí mi, mo máa ń sọ ọ́ fún ara mi lábẹ́ ahọ́n.

Sàlíù ò bá ẹnikẹ́ni jà lọ́jọ́ náà. Ẹ mọ̀ ọ́n. Àmọ́ kò tẹ ilẹ̀ oko yẹn mọ́, oko tí ẹ̀yin àti òun jọ ṣán, tí ẹ jọ kọ. Ní báyìí ó ti di ẹrù rẹ̀. Ó ní lọ́jọ́ Ajé, ìyẹn ọ̀la, òun ń lọ sí Gabon, kí ẹnikẹ́ni má retí òun.

Ìdí rèé tí mo fi lọ bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ Jímọ̀. Bàbá Kékeré wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ di ariwo, ni wọ́n bá sọ ọ́ jáde bí ẹ ṣe sọ ọ́ gan-an: “Ṣé èmi ni mo to yín ni? Bàbá yín ló ní Ọlọ́wọ́ Òsì ni ìkíní. Ó ní Gíga ni ìkejì, pé tó bá ti dé poro kẹjọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ á wúwo. Ó ní Arẹwà ni ìkẹta, tó bá lè mú ọkàn le!”

Sàlíù wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó ní, “Poro kẹjọ. Èmi tí mo máa ń parí tèmi, tí mo tún máa ń bá wọn parí tiwọn.” Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Omi wà lọ́wọ́ mi, ó dà sí mi lẹ́sẹ̀. Bàbá, ẹ̀ṣẹ́ lẹ ń sọ! Wàídì ń lo ọwọ́ òsì, lóòótọ́. Sàlíù ga, kò sẹ́ni tí kò mọ̀. Àgbẹ̀ wo ló máa gbọ́ poro tí kò ní ro oko? Mi ò lè bá Bàbá Kékeré wí. Àmọ́ ṣé ó dá mi lójú tán? Àbí ọkàn yín ti da àwọn ọmọ yín pọ̀ mọ́ àwọn tó ń ja ẹ̀ṣẹ́ yẹn? Mo bi yín títí, mo bi yín lójú àlá.

Mo sì tún dákẹ́ fún odidi alẹ́ kan. Ojú ń tì mí láti sọ ìdí rẹ̀. Tí mo bá là á yé Sàlíù, Arẹwà mi lọ nìyẹn.

Lánàá, mo lọ bá a nínú yàrá, mo jókòó sórí báàgì tó ti dì, mo tan fóònù. Mo fi ìjà Gíga hàn án, èyí tí èmi àti ẹ̀yin máa ń wò jù. Mo kà á fún un: poro kan, poro kejì. Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ nílẹ̀. Sàlíù gba fóònù lọ́wọ́ mi. Ó wá ní ta ni Arẹwà. Mo fi ọkùnrin oníṣan tó bọ́ra sílẹ̀ yẹn hàn án. Ó fi mí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, omi náà ò sì tètè dá. Ó wá béèrè pé: kí wá lẹ sọ nípa àwa?

Òwúrọ̀ òní ló gbé fóònù mi wá. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó ti wò ó mọ́jú. Ó ní ẹ ṣì í, pé poro kẹsàn-án ni ẹsẹ̀ Gíga wúwo, kì í ṣe ìkẹjọ, àti pé ìkíní ló yẹ ẹ́. A fi ẹnu jà á lójú ọ̀nà títí àwọn ará ilé fi jáde wá wò wá. Yẹ̀pẹ̀ oko tútù wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀. Mi ò béèrè Gabon, kò sì dárúkọ rẹ̀. A ò tíì sọ fún Wàídì. Ọ̀la ni Ajé, ara mi ò sì tíì balẹ̀.

Àmọ́ nígbà tó lọ tán, nǹkan kan sọ sí mi lọ́kàn, òun ló jẹ́ kí n jókòó kọ̀wé yìí. Bàbá Kékeré ò gbọ́ èdè yẹn. Kò sẹ́lòmíràn tó gbọ́ ọ láyé àfi èmi. Ta lẹ wá rò pé ó jókòó tì yín lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, tí ẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀?

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin, oníwájú orí gbọọrọ, tí ẹ kò fi sí ipò kankan.