Fèrèsé Màmá Tó Kọjú sí Èbúté

                                                            Ilé Kẹrìnlá,
                                                            Òpópónà Ẹ̀yìn Èbúté.
                                                            Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹta.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Agùntáṣọọ́lò,

Báwo ni ara? Báwo ni orúnkún ọ̀tún rẹ tí o ní ó ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo? Ìyá àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ojú rẹ̀ tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ti ń ríran dáadáa? Bí ó bá ti ń ríran, bá mi sọ fún un pé kó má wo fọ́tò mi ti ayé ìgbà yẹn mọ́, irun tó rí níbẹ̀ ti lọ pátápátá. Àwọn ọmọ ńkọ́, àti ọmọọmọ rẹ obìnrin tí o ní ìbéèrè rẹ̀ kì í tán? Mo kí gbogbo yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi náà wà. Etí òsì mi ti di, ẹ̀jẹ̀ ríru kò jẹ́ kí n jẹ iyọ̀, ṣùgbọ́n mo ṣì ń fi ẹsẹ̀ ara mi rìn dé èbúté láràárọ̀. Ọmọ mi obìnrin tí mò ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ a sì máa bá mi wí bí ẹni pé òun ló bí mi.

Lẹ́tà rẹ dé ní ọjọ́ Ajé. Mo kà á lórí ìdúró, mo jókòó, mo tún un kà. Ọdún mẹ́rìnlélógójì! O ní o ń bọ̀ wálé ní oṣù tó ń bọ̀, ìwọ àti ọmọọmọ rẹ, pé kí n kọ ohun tí ẹ ó wò àti bí ẹ ó ṣe rìn ín ránṣẹ́, ìgbà tó jẹ́ pé èmi ni mo fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ṣe akọ̀wé ní ọ́fíìsì tó ń gbàlejò. Ó dára. Jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ yẹn ṣì mọ́ mi lọ́wọ́.

Ẹ má wọ ọkọ̀ ojú omi aago méjìlá. Àga rẹ̀ rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n oòrùn á ti mú omi dán débi pé ẹ kò ní lè la ojú wo ìlú. Ti aago mẹ́jọ àárọ̀ ni kí ẹ wọ̀. Ọwọ́ òsì ni kí ẹ jókòó sí, lápá ẹ̀yìn, kí omi má baà ta sí yín lára. Tó bá tó ogójì ìṣẹ́jú, ẹ ó rí ilé gogoro tó ń tanná fún àwọn atukọ̀, lẹ́yìn náà odi àtijọ́, lẹ́yìn náà àwọn òrùlé pupa orí òkè. Igba àtẹ̀gùn ó lé mẹ́rìnlá ló wà nínú ilé gogoro yẹn, orúnkún rẹ kò ní gbà. Jẹ́ kí ọmọ gùn ún, kí ìwọ jókòó sórí àga òkúta tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni wíwọ odi láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Etíkun apá ìwọ̀ oòrùn dára fún wíwẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n, lẹ́yìn ìyẹn ìgbì a máa fa ènìyàn. Ẹ wọ bàtà tó ní eyín nísàlẹ̀, nítorí òkúta ojú ọ̀nà òkè ti dán, ó ti gbé mi ṣubú lẹ́ẹ̀mejì.

Ilé ẹjọ́ àtijọ́ ni wọ́n kó àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sí báyìí. Ìgbòkun ńlá kan, aṣọ tí ọkọ̀ fi ń gba atẹ́gùn, wà níbẹ̀ tí wọ́n nà mọ́ ògiri. Káàdì abẹ́ rẹ̀ sọ pé a kò mọ ẹni tó rán an. Wo igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìwọ á rí i pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni abẹ́rẹ́ kọjá lójú kan náà. Ta ló tún ń ránṣọ bẹ́ẹ̀ ní erékùṣù yìí bí kò ṣe Màmá rẹ?

Mo ti kọ ojú ewé kan gbáko, n kò sì tíì dáhùn ohun tí o béèrè ní ìparí lẹ́tà rẹ. O ní ọmọọmọ rẹ rí ibì kan lórí fóònù rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Fèrèsé Ọ̀dàlẹ̀, pé òun ló fi ṣáájú nínú gbogbo ohun tó fẹ́ wò. O wá kọ ọ́ pé, "Kálàmù, ibo nìyẹn? Kò sí i nígbà tiwa."

Ọ̀rẹ́ mi, ó wà nígbà tiwa. Fèrèsé Màmá rẹ ni. Èmi ni mo sọ ọ́ ní orúkọ yẹn.

Jọ̀ọ́, má tíì fa ìwé yìí ya. Kà á dé ìsàlẹ̀.

Ní ọdún kejì tí o lọ, ọ́fíìsì ní kí n ṣe ìwé kékeré kan fún àwọn àlejò, ojú ewé mẹ́rìndínlógún. Mo kọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Onítẹ̀wé ránṣẹ́ pé ojú ewé kan ṣófo, pé òun fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Fọ́tò òkè wà lórí tábìlì mi, fèrèsé Màmá ló sì wà láàárín rẹ̀ gan-an, ó ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni mí nígbà náà, mo sì ka ara mi kún òǹkọ̀wé. Mo kọ ọ́ pé ìyàwó atukọ̀ kan gbé yàrá yẹn rí, pé ó máa ń gbé àtùpà sójú fèrèsé láti fi ọ̀nà han ọkọ rẹ̀ lójú òkun, pé nígbà tí ó fẹ́ ọkùnrin mìíràn, ó pa àtùpà náà nínú ìjì, ọkọ̀ ọkọ rẹ̀ sì forí sọ àpáta. Kò gbà mí ní wákàtí kan. Inú mi tilẹ̀ dùn sí i.

Ìwọ àti èmi mọ bí Bàbá rẹ ṣe lọ. Ọ̀sán gangan ni, ọjọ́rú, atẹ́gùn ló dojú ọkọ̀ dé. À ń ṣe ìṣirò lọ́wọ́ ní kíláàsì nígbà tí wọ́n wá pè ọ́ jáde. Màmá wà lójú fèrèsé yẹn, ó ń rán ìgbòkun, ó fi ojú ara rẹ̀ rí i. Òun ni mo kọ irú nǹkan yẹn nípa rẹ̀. Òun tó jẹ́ pé láti ọjọ́ tí ìyá mi ti kú ni ó ti ń rán ṣẹ́ẹ̀tì ilé ìwé mi. Á wọn ìwọ, á wọ̀n mí, á ní, "Ìwọ Kálàmù yìí, ọrùn rẹ rí bí ọrùn ìgò, ìdajì aṣọ ló máa tó ọ." N kò kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé náà, mo sì fi ìyẹn tan ara mi. Fọ́tò wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni tó ní ìka lè fi tọ́ka.

Ó gbọ́ pé fèrèsé òun wọ inú ìwé. Inú rẹ̀ dùn, ó ránṣẹ́ pè mí. O mọ̀ pé kò mọ̀wé kà. Ó nu ìda tó fi ń pa òwú kúrò lọ́wọ́, ó gbé ìwé náà lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Ọmọ mi, ka ohun tí wọ́n kọ nípa mi." Mo wo ojú ewé yẹn, mo sì ka ohun tí kò sí níbẹ̀. Mo ní:

"Nínú yàrá yìí ni obìnrin kan ti ń rán ìgbòkun. Èyí tó ti rán lé ní ọ̀ọ́dúnrún, kò sí ọ̀kan tó ya lójú rírán. Nígbà tí òkun gba ọkọ rẹ̀, ó parí ìgbòkun tó wà nílẹ̀, nítorí ẹlòmíràn ń dúró dè é kó tó lè padà sílé. Bí ẹ bá ń kọjá, ẹ juwọ́ sí i. Yóò juwọ́ padà."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Tún un kà." Mo tún un kà, mò ń ṣọ́ra kí ó má yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́. Ó ní, "Ta ló mọ̀ mí tó báyìí?" Ó ká ìwé náà, ó fi sínú dúróà ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń juwọ́ sí àwọn àlejò. Ṣé o rí ohun tí mo ṣe? Ó rò pé ìwé ti sọ fún wọn. Àwọn amọ̀nà á kó ogún ènìyàn dúró sábẹ́ fèrèsé, wọ́n á sọ ohun tí mo kọ, Màmá á yọjú, á juwọ́, á máa rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó ń juwọ́ padà. Àwọn kan ń pòṣé. Obìnrin kan fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, mo sì gba ẹ̀yìn ilé lọ.

Èmi náà ni mo ń bá a kọ lẹ́tà sí ọ. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Kọ ọ́ sí ọmọ mi pé àwọn ènìyàn ń dúró sábẹ́ fèrèsé mi, wọ́n ń wò mí bí ẹni ń wo olè. Ó kàwé, bi í pé kí ló dé." Mo kọ ọ́ sí ọ pé ara Màmá le, ojú ọjọ́ dára. Gbogbo ohun tó bá ti ní fèrèsé nínú ni mo fò. Mo sì kà á sí i létí bí ó ṣe sọ ọ́. Ìwọ náà fèsì, o ní inú rẹ dùn pé ojú ọjọ́ dára. Nígbà tí mo ka èsì rẹ fún un tán, ó ní, "Kò sọ nǹkan kan nípa fèrèsé?" Mo ní, "Kò sọ, Màmá." Ó ní, "Bóyá kò fẹ́ kí n máa ronú ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mò ń gbọ́ títí dòní, àní ní etí tó di yìí.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn ó ní kí káfíńtà kan fi ìṣó kan fèrèsé náà pa. Ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ sí yàrá ẹ̀yìn tó kọjú sí ògiri, níbi tí a ti ń tan àtùpà lọ́sàn-án. Kò tó ọdún mẹ́rin tí ojú rẹ̀ fi lọ. Mo kọ ọ́ sí ọ nígbà náà pé àgbà ló dé. Ó gbé ọdún mélòó kan sí i nínú òkùnkùn yẹn. Nígbà tó sì kú, tí ìwé ìrìnnà rẹ kò tíì jáde tí o kò fi lè wá sin ín, mo kọ ọ́ pé ó lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìyẹn kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n fèrèsé wà ní kíkàn pa.

Ìgbà mọ́kànlá ni wọ́n tún ìwé yẹn tẹ̀ nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Gbogbo ìgbà náà ni wọ́n ń gbé e wá fún mi láti ṣàtúnṣe. Mo máa ń tún àkókò tí ọkọ̀ ojú omi ń gbéra ṣe, mo sì máa ń ṣí ojú ewé yẹn kọjá. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, wọ́n kà á sókè níwájú gbogbo òṣìṣẹ́, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Láti ọjọ́ Ajé tí mo ti gba lẹ́tà rẹ, mo ti lọ sí ọ́fíìsì náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀gá àwọn amọ̀nà báyìí jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí a ń pè ní Alágboòrùn, nítorí agboòrùn pupa tó máa ń gbé sókè kí àwọn àlejò rẹ̀ má baà sọnù. Ọmọ dáadáa ni. Mo ṣàlàyé fún un títí ohùn mi fi há.

Ó ní, "Bàbá, ẹ gbà wá o. Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́, àwa há a sórí, ẹ tún wá ní irọ́ ni?"

Mo ní, "Irọ́ ni. Aránṣọ ni obìnrin yẹn."

Ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá, ta ló máa gun òkè yẹn nínú oòrùn nítorí aránṣọ?"

Ni mo bá lọ dúró sábẹ́ fèrèsé fúnra mi. Bí Alágboòrùn ṣe sọ tirẹ̀ fún àwọn àlejò tán, mo gbé ohùn sókè, mo ní, "Ẹ má gbà á gbọ́. Èmi ni mo parọ́ mọ́ ọn, ìyá mi ni." Omi ń bọ́ lójú mi. Ọ̀rẹ́ mi, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọkùnrin kan ní kí n dúró kí òun ya fọ́tò pẹ̀lú mi. Nígbà tí wọ́n lọ tán, Alágboòrùn dì mọ́ mi, ó ní, "Bàbá, ẹ máa wá lójoojúmọ́, ẹ mọ eré yìí ṣe gan-an." Ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi gbìn ti ju agbára mi lọ láti fà tu.

Ohun tí agbára mi ká ni mo ṣe. Mo gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ olùtọ́jú ilé Màmá. Ìṣó mẹ́sàn-án ni, wọ́n ti dípẹtà, mo fi òwúrọ̀ méjì yọ wọ́n. Olùtọ́jú náà bá mi wọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ padà sójú fèrèsé, ó ń bú mi bí a ṣe ń wọ́ ọ pé àgbàlagbà tí kò gbádùn ni mí. Ìwé yẹn ṣì wà nínú dúróà bí ó ṣe ká a. N kò ṣí i.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń bọ̀, fèrèsé náà yóò wà ní ṣíṣí, èmi yóò sì wà nínú yàrá. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ jókòó sí ọwọ́ òsì nìyẹn, abẹ́ òrùlé pupa kẹta ni ẹ ó ti rí i. Bí o bá fẹ́ rí mi, máa gòkè bọ̀. Bí o kò bá fẹ́, jókòó sórí àga òkúta tó wà nísàlẹ̀ ilé gogoro. Mò ń rí ibẹ̀ láti òkè. Èmi yóò fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn, èmi yóò gba àtẹ̀gùn ẹ̀yìn lọ, o kò ní pàdé mi lọ́nà. Kí ọmọ wọlé, kó jókòó sídìí ẹ̀rọ ìyá bàbá àgbà rẹ̀. Ohun tí mo kà fún Màmá lọ́jọ́ yẹn ni kí o kà fún un. Bó bá béèrè ẹni tó kọ ti Ọ̀dàlẹ̀ tó rí lórí fóònù, dárúkọ mi, má fi bò.

N kò ní tọrọ àforíjì nínú lẹ́tà. Lẹ́tà ni mo fi ṣẹ̀ yín. Bó bá kan ìyẹn, ojúkojú ni n ó bẹ̀ ọ́, bí o bá gbà fún mi.

Bá mi kí ìyá àwọn ọmọ, kí àwọn ọmọ lápapọ̀. Ọmọ mi obìnrin kí yín, ó ní ilé òun ni kí ẹ sùn, ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀ láàárín ìwọ àti èmi.

Màmá náà kí ọ. Ó ti pẹ́ tó ti kí ọ, èmi ni n kò jẹ́ iṣẹ́ náà. Nínú lẹ́tà ọjọ́ yẹn, lẹ́yìn tó béèrè ìbéèrè rẹ̀ tán, ó ní kí n fi í kún un pé bí wọ́n tilẹ̀ ń wo òun báyìí, òun kò ní kúrò lójú fèrèsé, nítorí ibẹ̀ ni òun fẹ́ kí o ti kọ́kọ́ rí òun láti inú ọkọ̀, lọ́jọ́ tí o bá ń bọ̀.

Èmi ni, tìrẹ síbẹ̀ bí o bá ṣì fẹ́,

Kálàmù.