Ẹ̀kọ Tàǹtí Kọ́ Ló Mú Ara Yín Wú

Bàbá mi, ẹni tí mo ṣì ń bá sọ̀rọ̀,

Níjọ́ tó yé mi bí ara yín ṣe lè wú, kíláàsì ni mo wà, nílùú òtútù tí ẹ rán mi lọ. Olùkọ́ wa fi àwòrán inú iṣan ẹ̀jẹ̀ hàn wá. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló tẹ́ inú rẹ̀ látòkè délẹ̀, ó ń dán. Ó ní bí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn, tí wọ́n dá ọkàn dúró, tí ẹ̀rọ ń bá a ti ẹ̀jẹ̀ kiri nínú rọ́bà, awọ yẹn a máa bó, èèpá rẹ̀ a sì bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Bí wọ́n bá fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, tí wọ́n rí i pé èèpá yẹn pọ̀ níbẹ̀, wọ́n ti mọ̀ pé inú iṣan ti fara gbọgbẹ́.

Bàbá, kòtò omi wa ni mo rí! Kòtò omi òjò tí ẹ gbẹ́ sẹ́yìn ilé ní Kétu, tí ẹ fi sìmẹ́ńtì rẹ́ nínú fúnra yín. Ẹ ò jẹ́ da omi sínú ìkòkò láìkọ́kọ́ yẹ ìsàlẹ̀ korobá wò. Bí ẹ bá rí èèpá sìmẹ́ńtì, ẹ á pòṣé: inú kòtò ti ń bó nìyẹn, omi á máa jò wọlẹ̀. Ẹ ò tíì sọ̀kalẹ̀ tí ẹ ti mọ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni nínú ara. Ibi tí awọ yẹn bá ti bó, omi inú ẹ̀jẹ̀ á jò sínú ẹran ara, ara á sì wú. Ó ń ṣe ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ṣe irú iṣẹ́ abẹ ọkàn tí wọ́n ṣe fún yín yẹn fún, èyí tó pọ̀ nínú wọn sì ń san. Kí ló dé tí tiyín ò san? N kò mọ̀. N kò rí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ yín kankan. Ṣùgbọ́n kí ara wú kò sọ pé ẹnì kan fún yín ní májèlé jẹ.

Ta ló máa sọ ìyẹn fún àbúrò yín? Bàbá kékeré rí òkú yín tó wú, ni wọ́n bá ní Tàǹtí, ẹ̀gbọ́n yín obìnrin tó tẹ̀lé yín lọ sílé ìwòsàn, ló fi nǹkan sínú ẹ̀kọ gbígbóná tí wọ́n ń sè fún yín. Tàǹtí tó pọ̀n yín dàgbà! Kí ẹ tó lajú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ká má tíì wá sọ pé ẹ lanu mu ẹ̀kọ, ìka yín ti wú. Tàǹtí rí i, wọ́n sọ fún mi. Ṣé ẹnì kan bi wọ́n? Dókítà náà ńkọ́? Faransé wéréwéré ló sọ, ó bá tirẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó jókòó ti Tàǹtí kó ṣàlàyé.

Mo wálé lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbìyànjú láti ṣàlàyé fún Bàbá kékeré. Mo ń kólòlò, nítorí èdè wa tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó jọ padà. Bàbá kékeré na ìka sí mi: "Yovó! Òyìnbó! Àná lo bẹ̀rẹ̀ sí í kí wa ká mọ ohun tí ò ń sọ. Ìwọ lo wá fẹ́ sọ ohun tó pa ẹ̀gbọ́n mi fún mi?" Gbogbo agbolé bú sẹ́rìn-ín. Inú bí mi débi pé Faransé ló tú jáde lẹ́nu mi, ni wọ́n bá tún rẹ́rìn-ín.

Ọ̀la ni àdúrà ìrántí yín. Bàbá kékeré ní Tàǹtí ò gbọ́dọ̀ dáná, wọn ò sì gbọ́dọ̀ wọlé. Wọn ò gbọ́dọ̀ wọlé yín, Bàbá! Síbẹ̀ Tàǹtí ti dé láti Odomẹta. Ilé aládùúgbò wa ni wọ́n wà báyìí, wọ́n ń sẹ́ ògì bí ẹni pé àwọn èèyàn máa mu ún.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n mú Bàbá kékeré lọ sẹ́nu kòtò omi, kí n fa omi kan, kí n fi ìsàlẹ̀ korobá hàn wọ́n? Àbí kí n di Tàǹtí lọ́wọ́ mú wọlé, kí n gba ẹ̀kọ lọ́wọ́ wọn, kí n sì mu ún tán níṣojú gbogbo ilé, láìsọ̀rọ̀? Ẹ̀yin lẹ mọ àbúrò yín. Èwo nínú méjèèjì ni wọ́n máa gbọ́?

Èmi ni,
ọmọ yín tí inú ń bí, tí ìfẹ́ yín ò tán lọ́kàn rẹ̀.