Oníbodè Ìjurìn Kọ̀wé sí Ọmọ Rẹ̀ Tó Ń Ṣọ́lé Bọ́ọ̀lù

Sí Ògúnbùnmi ọmọ mi, nílùú òyìnbó níbi tí wọ́n ti ń hun aṣọ.

Ọmọ mi, ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ara le? Òtútù ibẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ti ń dẹwọ́? Èmi Ògúnfẹ́yìmí bàbá rẹ ni mo ní kí wọ́n kọ ìwé yìí sí ọ. Mo wà, Yèyé rẹ Àtinúkẹ́ náà wà, orúnkún nìkan ló ń dùn ún. Ògún tó mú ọ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ yóò mú ọ bọ̀, òkun ò ní gbé ọ, irin ò ní ṣe ọ́ léṣe, o ò ní sùn lébi láàárín àjèjì. Fáṣuyì ọmọ àbúrò mi tó kọ́ ìwé l'Ékòó ló ń bá mi kọ ọ́, bí ọ̀rọ̀ kan bá wọ́ nínú rẹ̀, òun ni kí o bá wí, nítorí èmi ń sọ̀rọ̀ gaara, òun ló ń ní kí n máa rọra.

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ níhìn-ín. Àwọn tó lọ sógun lókè Ìmẹ̀sí ti wálé, àwọn tí kò dé, a ti mọ̀ pé wọn ò ní dé mọ́. Ọ̀dọ́kùnrin wá kún ìlú, gbogbo wọn ló sì ń wá ìyàwó. Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni ọ̀rọ̀ Tinúọlá, àfẹ́sọ́nà rẹ. O mọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ ọmọ ọlọ́mọ lọ́dọ̀ wa gbọ́dọ̀ máa ro oko àna. O ò sí nílé, èmi ni mo ń ro ó ní ipò rẹ láti ìgbà tí o ti lọ. Èmi àgbàlagbà, mo ń kọ ebè fún ọkùnrin tí mo jù lọ́jọ́ orí, mo sì ń dọ̀bálẹ̀ fún un kí n tó mú ọkọ́, nítorí pé ìwọ ló yẹ kó dọ̀bálẹ̀. Lọ́dún yìí, bàbá Tinúọlá pè mí, ó ní òun ò bínú sí ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ ọmọ òun ti ń pọn ọmọ. Ó ní bí a bá jẹ iṣu tuntun tí òun ò rí ọ, òun á fi í fún Ògúnbọ̀dé, ọ̀kan nínú àwọn tó ti Ìmẹ̀sí dé. Nítorí náà, fi etí sí gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ.

Ìwé rẹ àkọ́kọ́ dé, Fáṣuyì kà á fún wa. O ní iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó ẹ̀ fún ọ ni pé kí o máa ṣọ́lé nígbà tí àwọn ìyókù bá ń gbá bọ́ọ̀lù. Inú mi dùn, mo ní ọmọ mi ti jogún iṣẹ́ mi, nítorí ẹnì kan ò tíì gba ẹ̀yìn mi kọjá lẹ́nubodè yìí. Àfi bí Fáṣuyì ṣe kà á síwájú tó ní ilé náà kò ní ògiri, kò ní ilẹ̀kùn, igi méjì ni wọ́n rì mọ́lẹ̀ tí wọ́n fi ọ̀kan dábùú lókè. Mo ní kí ló wà nínú ilé ọ̀hún. Ó ní kò sí nǹkan kan. Mo ní ta ló ń gbébẹ̀. Ó ní kò sẹ́ni tó ń gbébẹ̀. Háà! Ògúnbùnmi, ìyẹn náà ni o ń tìtorí ẹ̀ fi àyà lulẹ̀ nínú ẹrẹ̀? Sọ fún wọn kí wọ́n gé igi ẹlẹ́gùn-ún, kí wọ́n fi dí ojú ibẹ̀ pa, kí ìwọ jókòó tì í. Fáṣuyì ní wọn ò ní gbà bẹ́ẹ̀, mo ní kó ṣáà kọ ọ́.

Èyí tó tiẹ̀ bí mi nínú ni pé bí ẹ bá ṣe é dé ìdajì, ẹ ó sinmi, ẹ ó wá pààrọ̀ ilé. Ta ló gbọ́ irú ẹ̀ rí? Ilé tí àwọn ará ẹ ti ń da bọ́ọ̀lù bò, òun ni wọ́n tún ní kí o wá máa ṣọ́! Ó dá mi lójú pé ìgbà yẹn gan-an ni bọ́ọ̀lù ń ráyè wọlé. Bí wọ́n bá tún ní kí ẹ pààrọ̀, jókòó síbi tí o wà, kí o ní bàbá rẹ ló ní o ò gbọdọ̀ kúrò. Ọkùnrin onífèrè tó ń dájọ́ láàárín yín, tí o ní gbogbo èrò ń bú, ẹ yéé bú u. Mú obì lọ kí i nílé kí ọjọ́ ìjà tó pé. Fáṣuyì ń rẹ́rìn-ín bí mo ti ń sọ èyí, mi ò mọ ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín.

O ní ìlú méjìlá ló parapọ̀, pé ìparapọ̀ ọ̀hún ni ẹ̀ ń pè ní líìgì. Ìyẹn yé mi, Èkìtì náà parapọ̀, ta ni ò mọ̀. Mo wá bi Fáṣuyì pé ta ni wọ́n parapọ̀ bá jà. Ó ní ara wọn ni. Mo ní kó tún un kà. Ara wọn náà ni, ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, láti ìgbà tí a bá ti wa iṣu títí òjò yóò fi tún dé. Bí ẹ bá borí, wọ́n á kọ méjì sílẹ̀ fún yín, bí ẹnikẹ́ni ò bá borí, wọ́n á kọ ọ̀kan fún yín, ọ̀kan fún wọn. Mo ní méjì kí ni. Ó ní kì í ṣe owó, kì í ṣe iṣu, kì í sì í ṣe ewúrẹ́. Ọmọ mi, ó dà bíi pé wọ́n ń tàn yín jẹ, ṣùgbọ́n mi ò sí níbẹ̀.

Ìwé kejì ló mú ìdùnnú wọlé. O ní ìjà mìíràn tún wà tó yàtọ̀ sí ti líìgì, pé ife fàdákà ni ẹ ń jà lé lórí, pé ẹgbẹ́ tí wọ́n bá nà lẹ́ẹ̀kan péré, iṣẹ́ ti parí fún un níbẹ̀. Yèyé rẹ ní bó bá jẹ́ ife ló wọ́n lọ́dọ̀ yín, òun ní igbá tó mọ́, òun á wá ẹni tí yóò bá òun gbé e dé Èkó. Èmi ò bá ti ife lọ. Ibi tí iṣẹ́ ti parí ni mo dì mú. Ṣebí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ parí yóò palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́? Mo fa ajá lọ sójú Ògún, pẹ̀lú ẹ̀sun iṣu àti ẹmu, mo ní kí Ògún jẹ́ kí wọ́n nà yín kíákíá. Yèyé rẹ ní kí n fi kún un pé kí wọ́n na ẹgbẹ́, kí wọ́n má na ọmọ òun. Bàbá Tinúọlá fúnra rẹ̀ ló gbé ẹmu wá, ó sì ń wí pé àṣẹ sí i.

Ògún gbọ́ o. Ìwé kẹta dé, o ní wọ́n nà yín nínú ti ife, wọ́n gbá a wọlé mọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹrin, ọ̀kan gba àárín ẹsẹ̀ rẹ kọjá, àwọn èrò sì ju ẹrẹ̀ lù ọ́, o ò lè jẹun. Yèyé rẹ sunkún. Èmi náà ò lè jókòó mọ́, mo kàn ń rìn káàkiri àgbàlá. Jọ̀wọ́, sọ fún àwọn olówó yín pé ẹ̀bi náà kì í ṣe tìrẹ, pé bàbá rẹ ló bẹ Ògún. Bí wọ́n bá fẹ́ bínú, kí wọ́n bínú sí mi.

Síbẹ̀, a wá ń retí rẹ. Yèyé rẹ ti fi ewé pa ilẹ̀ yàrá rẹ. Àfi bí Fáṣuyì ṣe ka ìyókù ìwé náà lọ́jọ́ kejì, ó ní ti ife lo sọ pé ó parí, ti líìgì ṣì kù nígbà náà, pé òun náà ti wá parí báyìí, ẹ̀yin lẹ ṣe ìkẹjọ nínú méjìlá, àwọn olówó yín sì ní kí o tọwọ́ bọ̀wé fún ọdún mìíràn. O ní o ò tíì dá wọn lóhùn, o fẹ́ gbọ́ tẹnu mi.

Kí n tó dáhùn, gbọ́ èyí. Mo lọ sóko àna níjọ́sí, ẹ̀yìn dì mí mú bí mo ti ń roko. Ògúnbọ̀dé wá, ó gba ọkọ́ lọ́wọ́ mi, ó ní kí n lọ jókòó sábẹ́ igi. Ó ro apá tí mo ń bá ọ ro tán kó tó padà sí apá tí òun náà ń ro fún bàbá Tinúọlá. Tinúọlá gbé omi wá, ó fún mi, ó fún un, ó sì dúró ti Ògúnbọ̀dé títí ìyẹn fi mu tirẹ̀ tán. Mo gbójú kúrò. Mo fẹ́ kórìíra ọmọkùnrin náà, kò ṣeé ṣe, ọmọlúàbí ni.

Tinúọlá wá bá mi lẹ́yìn ìgbà náà, ó kúnlẹ̀, ó ní bí o bá ń bọ̀, tìrẹ lòun, bí o ò bá sì bọ̀, kí o má fi òun sílẹ̀ sójú ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra, nítorí kò ṣẹ̀ wá.

Èsì mi nìyí. Mi ò ní kí o fi iṣẹ́ sílẹ̀, mi ò sì ní kí o má fi í sílẹ̀, o ti dàgbà. Bí o bá ń bọ̀, má fi nǹkan kan ránṣẹ́, ara rẹ ni kí o gbé wá kí a tó jẹ iṣu tuntun. Bí o ò bá bọ̀, fi owó ránṣẹ́ sí àwọn ará wa l'Ékòó, wọn á mú un dé. Màá fi ra aṣọ àti ìkòkò fún Tinúọlá, láti ilé mi ni yóò ti jáde lọ bá Ògúnbọ̀dé, èmi ni n óò sì sìn ín lọ bí ọmọ tí mo bí, kí ẹnikẹ́ni má bàa wò ó bí ẹni tí wọ́n kọ̀. O ò ní láti kọ ìwé mọ́ owó náà. Ọjọ́ tó bá dé, ó ti yé wa.

Ògún yóò ṣọ́ ọ sùn, yóò ṣọ́ ọ jí. Ibi tí ẹsẹ̀ rẹ bá tẹ̀ níbẹ̀, kò ní yọ̀. Oúnjẹ àjèjì á ṣe ọ́ lóore. Bí o bá dé, wàá bá wa láàyè, bí o ò bá dé, ọmọ wa náà ni o.

Gbogbo bàbá ló ń tọrọ owó lọ́wọ́ ọmọ, mo ti tọrọ tèmi. Ṣùgbọ́n láràárọ̀ ni mò ń bẹ Ògún kó má jẹ́ kí owó náà dé.

Èmi ni Ògúnfẹ́yìmí, bàbá rẹ.