Obìnrin Tó Ń Sọ̀rọ̀ Nínú Yàrá Mi

Ìjàrà-Ìsin,
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn tí a wa iṣu.

Ọlábọ̀dé ọmọ mi,

Ṣé o jí ire? Ṣé ara le? Ọlọ́run tó sìn ọ́ láti ilé dé Èkó kò ní fi ọ́ sílẹ̀ láàárín ọ̀nà, àmín. Èmi náà wà, mo dúpẹ́. Iṣu ta dáadáa lọ́dún yìí, ewúrẹ́ Jàrátù aládùúgbò wa ṣì ń jẹ ewé ẹ̀gẹ́ mi, mo sì ti tu koríko orí ibojì ìyá rẹ.

Mo gbọ́ ohun tí o sọ nígbà tí o pè, pé àwọn onísitọ́ọ̀ tún dá áàpù oògùn tí o ṣe padà, wọ́n ní kò tíì dára tó. Inú mi bàjẹ́. Ọjà tí kì í jẹrà, tí kò wúwo, tí kò gba àyè, kí ni wọ́n rí lára rẹ̀? Mo lọ bá Bùkárì tó ń ta sìmẹ́ńtì ní Òrò, torí ó mọ àwọn oníṣọ́ọ̀bù Èkó, mo ní kó bá wa bẹ̀ wọ́n. Ó bi mí pé àdúgbò wo ni sitọ́ọ̀ náà wà. Mo ní o sọ pé inú fóònù ni. Ó wò mí títí, ó ní òun yóò fi í sínú àdúrà.

Ohun tó mú mi kọ̀wé gan-an nìyí. Nígbà tí o wá ní Àjíǹde tí o fi áàpù oògùn yẹn sínú fóònù mi, ohùn rẹ ló wà níbẹ̀. Láràárọ̀ àti lọ́sàn-án lo ń sọ pé Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín. Mo máa ń dá ọ lóhùn pé mo ti gbọ́, mo sì máa ń bi ọ́ bóyá o ti jẹun. O kì í fèsì, mo ní iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́wọ́ rẹ. Ìgbà tí o wá ní o ti tún un ṣe, fóònù bi mí bóyá mo gbà kí tuntun wọlé, mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni, torí a kì í lé àlejò. Ilẹ̀ mọ́, obìnrin ni mo gbọ́, tó ń sọ Yorùbá bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Mo rò pé o ti gbéyàwó láìsọ fún mi ni. N kò bínú. Mo kí i, mo bi í léèrè àwọn òbí rẹ̀. Kò dáhùn, mo ní ojú ló ń tì í.

Jàrátù gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé. Kó tó di ọjọ́ Ìsinmi, gbogbo àdúgbò ti ń sọ pé mo mú aya tuntun. Alàgbà Ògúntúndé kó àwọn ará ìjọ wá lẹ́yìn ìsìn, Eunice tíṣà gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá fún ìyàwó, Jàrátù náà gbé wàrà dání. Láti ọjọ́ tí a ti sin ìyá rẹ, ilé yìí kò kún bẹ́ẹ̀ rí. Mo gún iyán. Mo ṣàlàyé pé ìyàwó ọmọ mi ni, kì í ṣe tèmi, mo gbé fóònù sórí tábìlì, a sì ń dúró dè é. Nígbà tó yá, ó ní kí n lo oògùn mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú Alàgbà. Eunice ló wá fi pẹ̀lẹ́tù sọ fún mi pé kò sí ẹnì kankan níbẹ̀, ẹ̀rọ ni. Mo ní ohùn Ọlábọ̀dé ńkọ́? Ó ní ìyẹn náà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lo sọ ọ́, ẹ̀rọ ló ń tún un sọ.

Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Wọ́n jẹun, wọ́n lọ. Àwo tí mo fọ̀ lọ́jọ́ náà pọ̀, inú mi sì dùn pé ó pọ̀.

Mo ń lo oògùn mi, má ṣe àníyàn. N kò kàn dá obìnrin náà lóhùn mọ́ ni.

Mo mọ̀ pé owó ọkọ̀ ti gun òkè láti ìgbà tí epo ti wọ́n, n kò ní o gbọ́dọ̀ wá. Ṣùgbọ́n bí nǹkan bá wà lọ́wọ́, fi díẹ̀ ránṣẹ́. Àga kan kán níbi tí Alàgbà ti ń rẹ́rìn-ín, mo fẹ́ kí káfíńtà tún un ṣe, kó sì kan méjì sí i.

Ọlọ́run yóò la ọ̀nà fún iṣẹ́ rẹ. Bí o bá dàgbà bí èmi, tí o bá sọ̀rọ̀ nínú ilé rẹ, ènìyàn ni yóò máa dá ọ lóhùn. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Jọ́ṣúà Ọláìyá.