Aṣọ tí Mo Ní Ẹ Fi Ránṣẹ́ láti Ìbàdàn

Ilé Oyèbánjí,
Ẹ̀yìn Mọ́ṣáláṣí,
Ìtapàjí-Èkìtì.
Ọjọ́ kọkànlélógún, Oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́, 1962.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Ìyá Yísà,

Àsàláámù àléékùm. Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà? Baba Yísà ńkọ́, ṣé iṣẹ́ rélùwéè kò gba gbogbo agbára wọn? Yísà fúnra rẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ti ń dá rìn, àbí ó ṣì ń rá kiri ilé? Mo gbọ́ pé ó wúkọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa fi òrí pa á láyà, nítorí ọyẹ́ ọdún yìí kò mọ ọmọdé yàtọ̀ sí àgbà. Nílé níhìn-ín, Bàbá wà, Ìyá náà wà, wọ́n ń kí yín. Ọ̀rọ̀ Yèyé àgbà pọ̀ lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn ìwé yín.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni ó tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ẹ ní Kọ́ládé onímọ́tò pàdé yín ní gáréèjì, ó sì kí yín kú inúure nítorí aṣọ funfun tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, èyí tí mo fi gba ẹ̀bùn kìn-ín-ní nínú iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ní ilé-ìwé wa ní Ìkọ̀lé. Ẹ wá ń bi mí pé aṣọ wo nìyẹn, nígbà tí ó jẹ́ pé láti ìgbà tí ẹ ti bímọ, ọṣẹ nìkan ni ẹ rí fi ránṣẹ́ sílé. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kò fi aṣọ kankan ránṣẹ́. Èmi ni mo pa irọ́ náà lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, ojú mi kò sì ṣẹ́. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ ń bá a. Tèmi kò tilẹ̀ pé oṣù méjì. Ìwé kẹta tí mo ń kọ sí yín nìyí, mo ti ya méjì dànù nítorí ìtìjú.

Ẹ rántí àpótí Yèyé tó máa ń wà lábẹ́ ibùsùn rẹ̀. Nígbà ìsinmi oṣù Ògún, Mísìs Ọmọ́tọ́lá, tíṣà wa, ní kí olúkúlùkù wa mú aṣọ funfun kan padà wá, tí a ó fi ṣe aṣọ orí tábìlì. Àwọn ọmọ Ìkọ̀lé ti ń fi aṣọ ṣọ́ọ̀bù yangàn ṣáájú kí ilé-ìwé tó palẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Yèyé rán mi sínú àpótí náà kí n bá òun mú ìborùn. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni mo ti rí kíjìpá funfun kan, tó tẹ́jú, tó nípọn, tí káńfọ̀ wà láàárín rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé gbogbo kíjìpá tí Yèyé ń hun ni ó ń rẹ sínú aró ẹ̀lú. Mo rò pé kò tíì ráyè rẹ èyí ni. Mo sì tún rò, ẹ dárí jì mí, pé ojú rẹ̀ tó ti ń ṣe bàìbàì kò ní jẹ́ kó mọ̀ bí ó bá lọ. Mo ká a, mo tì í sábẹ́ ìwé mi. Mi ò tọrọ. Bí mo bá tọrọ ni, ì bá sọ fún mi.

Mo fọ̀ ọ́ nílé-ìwé, mo lù ú lórí òkúta títí ó fi rọ̀. Mo gé e sí aṣọ tábìlì kan àti ìnuwọ́ mẹ́rin, mo sì fi òwú pupa àti òwú búlúù ṣe òdòdó yí etí rẹ̀ ká. Tíṣà gbé e káàkiri kíláàsì. Orí mi wú.

Nígbà tí ọjọ́ ẹ̀bùn dé ní Oṣù Ọ̀pẹ, wọ́n ní kí ìyá ọmọ kọ̀ọ̀kan gbé oúnjẹ ilé wá, kí a tò ó sórí aṣọ tí ọmọ ṣe. Ìyá ti lọ sí Igbólé lọ kí àwọn ènìyàn wọn, ni Yèyé bá ní òun fúnra òun ni yóò lọ. Ọ̀jọ̀jọ̀ ni ó dín. Ẹ kúkú ní kí n kọ bó ṣe ń ṣe é fún yín nítorí Baba Yísà. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ síbí, kí n lè rí àyè mí díẹ̀. Ewùrà ni, kì í ṣe iṣu. Ẹ bó o, ẹ rin ín lára agolo tí wọ́n fi ìṣó lu. Ẹ má bu omi sí i rárá, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń bà á jẹ́. Ẹ gún ata, àlùbọ́sà àti irú díẹ̀, ẹ pò wọ́n mọ́ ọn pẹ̀lú iyọ̀, kí ẹ wá fi ọwọ́ lù ú títí yóò fi fúyẹ́. Inú epo pupa tó gbóná dáadáa ni kí ẹ máa fi ọwọ́ bù ú sí. Yèyé ní ẹni tó bá ń kánjú yí i padà yóò jẹ ẹ́ ní tútù nínú.

Mọ́tò Kọ́ládé ni ó wọ̀ wá, ó gbé abọ́ náà lé itan láti Ìtapàjí títí dé Ìkọ̀lé. Ó dé ibi tábìlì mi, ó gbé abọ́ kalẹ̀, epo sì ta sórí aṣọ náà díẹ̀. Ó sáré fẹ́ fi ọwọ́ nù ún, ni ọwọ́ rẹ̀ bá kan etí aṣọ. Ẹ mọ kókó mẹ́ta tí ó máa ń ta sí ìgun gbogbo aṣọ tó bá hun. Mo ti gbàgbé rẹ̀, mi ò tú u. Mo rí i tí ìka rẹ̀ dúró lórí kókó náà, tí ó ń kà á: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta.

Àsìkò yẹn gan-an ni obìnrin àlejò pàtàkì tó wá láti Adó dé ọ̀dọ̀ wa. Ó fọwọ́ pa aṣọ náà, ó béèrè ibi tí mo ti rí irú rẹ̀. Àwọn ọmọ Ìkọ̀lé dúró tì mí. Ẹnu mi kò lè sọ pé ìyá arúgbó yìí ló hun ún. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ló fi ránṣẹ́ láti Ìbàdàn. Obìnrin náà kọjú sí Yèyé pé ṣé bẹ́ẹ̀ ni. Yèyé mú ọwọ́ kúrò lára kókó, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Aṣọ Ùbàdàn dára o." Kọ́ládé tó ń jẹ ọ̀jọ̀jọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa gbọ́ gbogbo rẹ̀. Wọ́n fún mi ní sísọ́ọ̀sì tuntun, wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo ká aṣọ náà sínú àpò mi, a jọ wọ mọ́tò padà sílé, Yèyé kò sì sọ nǹkan kan ju pé kí n fa ìborùn mi bo àyà nítorí ọyẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ́kọ ti mọ aṣọ tí mo ń wí. Èmi kò mọ̀. Lọ́dọọdún tí ọyẹ́ bá dé, tí àwọn àgbà obìnrin bá ń bá Yèyé sá aṣọ kan ní ẹ̀yìnkùlé, wọn kì í jẹ́ kí ọmọdé débẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ìyá ní àsìkò ti tó. Yèyé ní kí wọ́n fi ti ọdún yìí sílẹ̀. Ìyá kò gbà, ó ṣí àpótí, káńfọ̀ nìkan ló bá. Ló bá figbe ta pé ta ló wọ ulé yìí jí likáfàní arúgbó, aṣọ tí ó hun tí wọn yóò fi sin ín! Ó ti ń fura sí Bọ́sẹ̀dé, ọmọ ilé kejì tó ń bá Yèyé gbálẹ̀ yàrá. Ọmọ náà ti ń sunkún. Yèyé wá ní, "Ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Ràṣídátù ni mo fún, ó fẹ́ fi ṣe uṣẹ́ ulé-ùwé."

Ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn tí ó bò mí láṣìírí. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ níwájú Bọ́sẹ̀dé àti gbogbo wọn. Ọmọdé kò mọ oògùn, ó ń pè é ní ẹ̀fọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́ pàápàá, ṣebí à ń tọrọ rẹ̀ ni.

Ìyá fẹ́ kí n kọ̀wé kí ẹ ra aṣọ funfun mìíràn. Yèyé kọ̀. Ó ní ọyẹ́ mẹ́ta ni òun fi ran òwú náà, kí ojú òun tó bàjẹ́, òun kò sì fẹ́ fi aṣọ tí òun kò mọ ẹni tó hun ún lọ bá Ọlọ́run. Ikọ́ rẹ̀ sì ń le sí i. Áfà Làmídì ní kí aṣọ ṣáà mọ́, kí ó bo ara, kí àwọn òdòdó náà sì kúrò. Sísọ́ọ̀sì tí wọ́n fi ta mí lọ́rẹ náà ni mo fi gé wọn. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi tú òdòdó tí mo fi oṣù mẹ́ta ṣe, mo sì ti rán gbogbo rẹ̀ pọ̀ padà. Bí ilé-ìwé bá wọlé, n ó sọ òtítọ́ fún Mísìs Ọmọ́tọ́lá, n ó sì dá sísọ́ọ̀sì wọn padà. Ẹ̀yin náà, ẹ bá mi sọ ọ́ fún Kọ́ládé.

Ẹ bá mi kí Baba Yísà, ẹ fẹnu ko Yísà lẹ́nu fún mi, ẹ sì kí Ìyá Kẹ́hìndé tí ẹ jọ ń gbélé. Bí àyè bá wà, ẹ tètè wá wo Yèyé.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Ibi tí epo ta sí kò mọ́. Mo fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́, mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́, mo sá a sóòrùn ọjọ́ mẹ́ta. Láàárọ̀ yìí, Yèyé tẹ́ aṣọ náà lé ẹsẹ̀, ó bi mí bóyá ó ti mọ́ tán. Ojú rẹ̀ kò lè rí i, mo sì mọ̀ pé bí mo bá ní ó ti mọ́, yóò gbà. Mo ní kò mọ́, pé àbàwọ́n epo wà láàárín rẹ̀. Ó ní, "Epo kí ni?" Mo ní epo ọ̀jọ̀jọ̀ yín ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Ó ní, "Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá rí i, kò ní í sọ pé Ùbàdàn ni ó ti wá."

Èmi ni àbúrò yín tí ojú ń tì,

Ràṣídátù.