Àdìrẹ Tó Di Ìṣákọ́lẹ̀

Ọjọ́bọ̀, oṣù Kẹjọ, 1984

Ìyàwó Rájí aládùúgbò wa bí ọkùnrin. Ọmọ àbúrò mi ní Ìgbẹ̀in ti ṣègbéyàwó, ọkọ rẹ̀ ga bí ọ̀pẹ. Mo dúpẹ́.

Ṣùgbọ́n ọkàn mi wà lọ́dọ̀ Sàlámọ́tù, aláró ẹgbẹ́ mi. Àwọn sójà mú un ní ọjà Ìtòkú láàárọ̀ yìí, nítorí pé kò fún ọ̀gá wọn ní àdìrẹ. Nígbà tí ọ̀gá náà dé, àwa aláró la fi aṣọ kan kí i káàbọ̀. Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ ọjà ni wọ́n ń wá gbà á. Ìyá Ẹgbẹ́ àwa aláró ní ká ṣe sùúrù kí Iléyá kọjá.

Àṣàkẹ́ ọmọ ọmọ mi ti Òṣíẹ̀lẹ̀ dé, kò tíì jókòó tó fi ní, "Màmá, ẹ̀bùn yín ti di ìṣákọ́lẹ̀ o! Ṣé sójà ló fún yín nílẹ̀ ni?"

Mo ní, "Ta ló bí ọmọ yìí?"

"Ọmọ yín ni. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé kékeré la ti ń gé ìrókò, bó bá dàgbà tán, ẹbọ ni yóò máa gbà."

Ó fi òwe mi nà mí! Mo rẹ́rìn-ín títí, kí n tó rántí pé ènìyàn ni ẹbọ tòní.

Iléyá ṣì jìnnà. Mo ti ránṣẹ́ sí àwọn aláró pé ká jọ lọ gba Sàlámọ́tù ní bárékè bí ilẹ̀ bá mọ́. Ìyá Ẹgbẹ́ ń bínú. Kó máa bínú lọ. Àṣàkẹ́ ní àfi kí òun tẹ̀ lé wa. Olórí kunkun, ọmọ mi ni lóòótọ́.

Mo ti fi ogún náírà rán an sí onímọ́tò tí yóò gbé gbogbo wa lọ.